Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ 40, sáfà 1: bí Debian ṣe lè gba orí nẹ́tíwọ̀kì wọlé láìsí fláṣì

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ 40 fún wa, Dell ni àwọn kan, HP ni àwọn kan, ọjọ́ orí wọn ò sì dọ́gba. Fláṣì ni mo fi ń gbé Debian, irú Linux kan, sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti sú mi. Mo wá fi kọ̀ǹpútà kan ṣe sáfà, mo fi dnsmasq, ètò tó ń pín àdírẹ́sì àti fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀rọ, sórí rẹ̀, kí àwọn yòókù lè máa gba Debian láti orí nẹ́tíwọ̀kì. Àwọn kan ń kọ "PXE-E53: No boot filename received". Àwọn kan bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń bi mí ní èdè, kíbọọ̀dù àti dísíìkì. Àwọn kan ò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan. Router tó ń fún ilé ẹ̀kọ́ ní íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí switch kan náà, dátà wa ò sì pọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹni tó bá ti ti ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú fláṣì kan ṣoṣo lọ́wọ́ mọ ohun tí ojú yín ń rí. Ọ̀nà tí ẹ yàn yìí ló tọ́, dnsmasq sì tó iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ má wulẹ̀ wá Cobbler tàbí Foreman kiri nítorí yàrá kan. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti pọ̀ rẹpẹtẹ, tí iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ síra, ni àwọn yẹn ti wúlò.

Kí n tó dé orí àwọn àṣìṣe tí ẹ kọ, ohun kan wà nínú ìbéèrè yín tó ń kọ mí lóminú: router ilé ẹ̀kọ́ wà lórí switch kan náà. Sáfà tí ẹ ń ṣe yìí, torí kó má baà máa bi yín ní nǹkan lẹ ṣe ń ṣe é. Bí kò ṣe ní béèrè kó tó fi Debian sórí ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kò ní béèrè kó tó nu ohun tó wà lórí dísíìkì. Tí kọ̀ǹpútà akápò bá wà lórí wáyà yẹn, tí ẹnì kan sì ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kó kọ́kọ́ máa wá nẹ́tíwọ̀kì nígbà tó bá ń tàn, wọ́n lè tàn án láàárọ̀ kí gbogbo àkọsílẹ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ sì lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì kankan, ẹ ya switch yàrá kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ pátápátá.

Ojú méjì ni sáfà yín gbọ́dọ̀ ní sí nẹ́tíwọ̀kì. Ọ̀kan kọjú sí router kó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì, Wi-Fi sáfà náà lè ṣe èyí. Ìkejì, èyí tí wáyà ń wọ̀, kọjú sí switch yàrá nìkan, ẹ sì fún un ní àdírẹ́sì 192.168.10.1. Kò gbọdọ̀ sí wáyà kankan tó so switch yàrá mọ́ router. Àwọn ẹ̀rọ 40 náà ní tiwọn gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà. Ẹ má fi Wi-Fi dán irú iṣẹ́ yìí wò lórí wọn.

Ẹ wá wo ibi tí E53 ti ń wá. Nígbà tí ẹ bá tẹ F12 tí ẹ sì yan nẹ́tíwọ̀kì, ètò kékeré kan tó wà nínú káàdì nẹ́tíwọ̀kì ló ń dá ṣiṣẹ́, torí kò tíì sí Debian, kò tíì sí Windows. PXE ni wọ́n ń pe ètò náà. Intel ló gbé ìlànà rẹ̀ jáde, ẹ̀dà 2.1 rẹ̀ sì ti wà láti ọdún 1999. PXE á ké sórí wáyà pé ta ló máa fún òun ní àdírẹ́sì, DHCP, ìyẹn ètò tó ń pín àdírẹ́sì, ló sì máa dá a lóhùn. Ìdáhùn tó pé gbọ́dọ̀ sọ àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ náà máa lò, àdírẹ́sì sáfà tí fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ wà, àti orúkọ fáìlì ọ̀hún. Router yín mọ àdírẹ́sì í pín, kò mọ fáìlì kankan. Ìyẹn ni pé DHCP méjì ló wà lórí wáyà yín, bí agbèrò méjì tó ń pe èrò kan ṣoṣo sí ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tó bá kọ́kọ́ gbá a lápá mú ló ń gbé e lọ. Ẹ̀rọ tí router gbá mú ló ń kọ E53. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ṣiṣẹ́ tí àwọn kan kò sì ṣiṣẹ́, tí ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ sì lè kọ̀ lọ́sàn-án. Tí ẹ bá ti ya switch sọ́tọ̀, àṣìṣe yẹn ti tán nìyẹn.

Àwọn nọ́ńbà PXE yòókù náà ní ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ kọ wọ́n sára ògiri yàrá yín. E61 ni pé wáyà ò wọlé dáadáa tàbí ó ti já. E51 ni pé kò sí DHCP kankan tó dáhùn. E32 ni pé ẹ̀rọ ti mọ sáfà àti fáìlì, ó lọ béèrè, kò gbọ́ èsì: ẹ wò ó bóyá firewall sáfà ti ti ojú ọ̀nà UDP 69. T01 ni pé sáfà dáhùn ṣùgbọ́n fáìlì náà kò sí níbi tí ẹ pè é. Tí switch yín bá jẹ́ irú èyí tí a lè ṣètò inú rẹ̀, tí E51 sì ń jáde láìnídìí, ẹ wá spanning tree níbẹ̀. Ó máa ń dá ojú ihò dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó jẹ́ kí nǹkan kọjá, PXE sì lè ti sọ̀rètí nù kó tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tan portfast, èyí tó ń jẹ́ kí ihò ṣí lójú ẹsẹ̀, fún àwọn ihò tí kọ̀ǹpútà wà, ó parí.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé dnsmasq lè gbé pẹ̀lú router lórí wáyà kan, kó jẹ́ pé router á pín àdírẹ́sì, dnsmasq á sọ orúkọ fáìlì nìkan. Òótọ́ ni, ọ̀nà proxy ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn, àwọn tó ń lo UEFI, àwọn kan nínú wọn kì í gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa, ewu kọ̀ǹpútà akápò sì ṣì wà níbẹ̀. Nínú yàrá tí ẹ lè yà sọ́tọ̀, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lò ó.

Àwọn tí kò ṣe nǹkan kan ńkọ́? Ọjọ́ orí wọn ló fà á. Ètò inú ẹ̀rọ tó ń tan án kò dọ́gba: àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ń lo BIOS, àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ń lo UEFI, fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì kò sì jọra. Tí ẹ bá gbé pxelinux.0 fún UEFI, kò lè lò ó rárá. Ó ṣe é ṣe pé orúkọ fáìlì kan ṣoṣo lẹ kọ fún gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́ nígbà tó bá ń béèrè àdírẹ́sì: 0 ni BIOS, 7 tàbí 9 ni UEFI 64-bit. Ẹ jẹ́ kí dnsmasq tẹ́tí sí i:

```
interface=enp3s0
bind-interfaces
dhcp-range=192.168.10.50,192.168.10.150,255.255.255.0,2h
dhcp-match=set:bios,option:client-arch,0
dhcp-match=set:efi,option:client-arch,7
dhcp-match=set:efi,option:client-arch,9
dhcp-boot=tag:bios,pxelinux.0
dhcp-boot=tag:efi,debian-installer/amd64/bootnetx64.efi
enable-tftp
tftp-root=/srv/tftp
```

Ẹ fi orúkọ ojú wáyà sáfà yín rọ́pò enp3s0. Àṣẹ `ip link` máa fi hàn yín. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ni kò ní jẹ́ kí dnsmasq yín máa pín àdírẹ́sì sí ọ̀nà router, ẹ má yọ ọ́. Àwọn fáìlì tí mo dárúkọ yẹn, inú netboot.tar.gz tí Debian fúnra wọn ń gbé jáde ni wọ́n wà. Ẹ tú u sínú /srv/tftp, gbogbo wọn á bọ́ sí ipò wọn. bootnetx64.efi yẹn ní ìbuwọ́lùwé tí Secure Boot (ààbò UEFI tó ń kọ fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní ìbuwọ́lùwé) ń gbà, torí náà kò sí ìdí láti lọ pa Secure Boot lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ tó bá ṣì dákẹ́ lẹ́yìn èyí, ẹ wọ inú rẹ̀ lọ. Lórí Dell, ẹ tẹ F2, ẹ wá Integrated NIC, kí ẹ yan "Enabled w/PXE". Tó bá jẹ́ UEFI, ẹ fi àmì sí "Enable UEFI Network Stack" tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló jẹ́ pé ọ́fíìsì tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti pa á. Lórí àwọn HP, ohun kan náà lẹ máa wá lábẹ́ ètò ìtanná wọn.

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè èdè àti kíbọọ̀dù ló kàn, ibẹ̀ ló ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Fáìlì tí Debian fi ń dáhùn àwọn ìbéèrè rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní preseed. Ẹ lè ti kọ gbogbo ìdáhùn sínú rẹ̀ láìsí àbùkù kankan, síbẹ̀ kó ṣì máa bi yín. Ìdí rẹ̀ ni pé orí nẹ́tíwọ̀kì ni preseed yín wà, ìbéèrè èdè àti kíbọọ̀dù sì máa ń wá kí ẹ̀rọ tó dé orí nẹ́tíwọ̀kì rárá. Kò tíì ka ìwé yín nígbà tó ń béèrè. Ohun tó ń sún àwọn ìbéèrè yẹn síwájú títí ó fi máa rí preseed ni `auto=true`, ojú ìlà kernel (ìlà APPEND tó wà nísàlẹ̀ yìí) ló sì gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú preseed. Ẹ pa pxelinux.cfg/default tó bá netboot wá rẹ́, kí ẹ kọ èyí rọ́pò rẹ̀:

```
DEFAULT disiki
PROMPT 1
TIMEOUT 100
LABEL disiki
  LOCALBOOT 0
LABEL debian
  KERNEL debian-installer/amd64/linux
  APPEND initrd=debian-installer/amd64/initrd.gz auto=true priority=critical interface=auto url=http://192.168.10.1/lab.cfg
```

Ẹ wo DEFAULT yẹn dáadáa. Dísíìkì ni mo fi ṣe ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án; ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni TIMEOUT fi ń ka àkókò, nítorí náà 100 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹni tó bá fẹ́ Debian gbọ́dọ̀ tẹ `debian` fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi Debian ṣe DEFAULT, ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ wo nẹ́tíwọ̀kì á gba Debian tán, á tún ara rẹ̀ tàn, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, á sì máa yí bẹ́ẹ̀ kiri títí ẹ fi máa yọ wáyà. Fún àwọn UEFI, ẹ ṣe bákan náà nínú debian-installer/amd64/grub/grub.cfg: kí `exit` jẹ́ ohun àkọ́kọ́ nínú mẹ́nù, èyí tó ń dá ẹ̀rọ padà sí dísíìkì rẹ̀, kí Debian jẹ́ ìkejì, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ APPEND kan náà láti `auto=true` lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ìyókù, pxelinux ní ọ̀nà dáadáa kan. Kó tó ka `default`, ó máa ń wá fáìlì tí wọ́n fi nọ́ńbà MAC káàdì ẹ̀rọ náà sọ lórúkọ, pẹ̀lú 01 níwájú, irú bíi `01-aa-bb-cc-dd-ee-07`, lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀. Tó bá rí i, òun ló máa lò.

Nínú lab.cfg, ìyẹn preseed yín tí sáfà máa fi HTTP pín bí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, mi ò ní kọ gbogbo ìlà síbí. Ìwé ìtọ́ni Debian ní àpẹẹrẹ preseed tó pé, ẹ mú un níbẹ̀ kí ẹ tún un ṣe. Apá dísíìkì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù:

```
d-i partman/early_command string debconf-set partman-auto/disk "$(list-devices disk | head -n1)"
d-i partman-auto/method string regular
d-i partman-auto/choose_recipe select atomic
d-i partman-partitioning/confirm_write_new_label boolean true
d-i partman/choose_partition select finish
d-i partman/confirm boolean true
d-i partman/confirm_nooverwrite boolean true
```

Ìlà àkọ́kọ́ ló ń bá yín yanjú ọ̀rọ̀ pé /dev/sda ni dísíìkì lórí ẹ̀rọ kan, tó sì jẹ́ /dev/nvme0n1 lórí òmíràn. Ṣùgbọ́n dísíìkì tó bá kọ́kọ́ rí ló máa nù. Fláṣì akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lára ẹ̀rọ lè bọ́ sí i lọ́wọ́, dísíìkì kejì tí ẹnì kan fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ náà lè bọ́ sí i. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára àwọn ihò USB, àyàfi kíbọọ̀dù àti mouse, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ti kọ lab.cfg tán, `debconf-set-selections -c lab.cfg` á sọ fún yín bí ẹ bá ṣi ìlà kan kọ. Nípa pásíwọ́ọ̀dù, ẹ má kọ ọ́ ní gbangba sínú fáìlì yẹn, torí ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí switch lè fi browser ṣí i kà. Ẹ fi `mkpasswd -m sha-512` yí i padà, kí ẹ sì lo `passwd/user-password-crypted`.

Ọ̀rọ̀ dátà. Debian netboot kì í gbé gbogbo nǹkan dání, íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń fa èyí tó pọ̀ jù. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ 40 á fa ohun kan náà nígbà 40, dátà yín á sì wọmi. Ẹ fi apt-cacher-ng sórí sáfà, ojú ọ̀nà 3142 ló ń lò, kí ẹ kọ èyí sínú lab.cfg:

```
d-i mirror/http/proxy string http://192.168.10.1:3142/
```

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ á fa gbogbo rẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì, sáfà á tọ́jú rẹ̀ sínú /var/cache/apt-cacher-ng, àwọn 39 yòókù á sì gbà á láti ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dá lọ tán pátápátá kí ẹ tó tan àwọn yòókù. Àǹfààní kejì ni pé àwọn ẹ̀rọ náà kò nílò ọ̀nà sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, sáfà ló ń bá wọn lọ bá wọn bọ̀. Ìdí yìí náà ni mo fi gbà pé Debian tí ẹ yàn dára ju Ubuntu lọ fún irú yàrá yín. Láti 20.04, ètò ìfisórí Ubuntu Server máa ń gbé odindi ISO, èyí tó ju gígábáìtì 2 lọ báyìí, sínú RAM kó tó bẹ̀rẹ̀. Tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 2 máa kú sójú ọ̀nà.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń yọ àwọn tó ní tòkunbọ̀ lẹ́nu, tí ìwé ìtọ́ni kì í sì í pariwo rẹ̀: bátìrì róbótó kékeré tó wà lórí pátákó inú ẹ̀rọ, CR2032 ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀. Tó bá ti kú, ẹ̀rọ náà á gbà pé ọdún tó ti kọjá tipẹ́ la wà. Gbogbo nǹkan á máa lọ dáadáa, ó di àárín iṣẹ́, apt, ètò tí Debian fi ń gba sọ́fítíwíà, á ní Release "is not valid yet", nítorí lójú tirẹ̀ ọjọ́ iwájú ni wọ́n kọ fáìlì náà. Èèyàn lè fi gbogbo ọjọ́ wá àṣìṣe nínú preseed nígbà tó jẹ́ pé aago ló ń ṣe é. Ẹ fi chrony, ètò tó ń pín aago tó tọ́ fún ẹ̀rọ, sórí sáfà, ẹ kọ `allow 192.168.10.0/24` àti `local stratum 10` sínú ètò rẹ̀, kí ẹ wá fi `d-i clock-setup/ntp-server string 192.168.10.1` sínú lab.cfg. Aago á ti tọ́ kí dísíìkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba nǹkan. Bátìrì náà ò wọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ààyè bá wà.

Ẹ tún lè fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ láti inú dnsmasq, ìlà kan fún ẹ̀rọ kan: `dhcp-host=aa:bb:cc:dd:ee:07,lab-07,192.168.10.107`. Debian á gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ DHCP fúnra rẹ̀. Ẹ lẹ nọ́ńbà kan náà mọ́ ara ẹ̀rọ, kó jẹ́ pé nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní lab-07 ti bàjẹ́, ẹ mọ ibi tí ẹ máa lọ.

Mo sì fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ ṣe ohun kan fún àwọn ọmọ yẹn. Linux ní ètò kíbọọ̀dù Yorùbá nínú, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lé e. Nínú /etc/default/keyboard, ẹ kọ `XKBLAYOUT="us,ng"`, `XKBVARIANT=",yoruba"` àti `XKBOPTIONS="grp:alt_shift_toggle"`. Ẹ lè jẹ́ kí `preseed/late_command` ṣe é lórí gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Alt àti Shift ni wọ́n á fi máa pààrọ̀ rẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀ bí ọmọ ṣe ń jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ má tan gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lákọ̀ọ́kọ́, TFTP, ọ̀nà tí sáfà fi ń gbé fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ, ń lọ ní ìwọ̀n kékeré kékeré, báìtì 512 ló máa ń gbé tí wọn ò bá jọ fohùn ṣọ̀kan lórí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, á sì dúró gba èsì kó tó gbé òmíràn. Tí 40 bá jọ ń pè é, àwọn kan á sọ̀rètí nù. Lẹ́ẹ̀kejì, jẹnẹrétọ̀. Ẹ mú mẹ́jọ mẹ́jọ. Tí iná bá lọ lójijì, ẹ̀rọ tó wà láàárín iṣẹ́ kò bàjẹ́, ẹ kàn tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Sáfà àti switch ni kí ẹ so mọ́ UPS, torí tí sáfà bá kú, gbogbo wọn ló dúró.

Ẹ ṣí `journalctl -fu dnsmasq` sílẹ̀ lórí sáfà nígbà tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá ń lọ. Ẹ máa rí ibi tó ti béèrè àdírẹ́sì, fáìlì tó gbà, àti ibi tó dúró sí. Èyí tó bá ṣì kọ̀ nínú wọn, ẹ fi ìlà 20 tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́ àti bóyá BIOS tàbí UEFI ló ń lò.